Ẹni tó kàn sí wa là ń ṣọ́

Níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ń ta lúdò. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán ni àwọn méjì yòókù jọ dojú kọ: bó bá ti yọ, wọ́n á pa á. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn já ẹnìkejì rẹ̀ jù sílẹ̀. Ó ti rí i pé ipò kìíní kò ṣeé gbà mọ́, ló bá kúkú dá ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò kejì dúró.

Ọkàn mi lọ sí ìbò 1959. Nínú ìjókòó 312 nílé aṣòfin àpapọ̀, NPC, ẹgbẹ́ àwọn ará Àríwá, mú 134, Alákùkọ (NCNC) àti NEPU, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe, mú 89, Ọlọ́pẹ (Action Group) mú 73. Kò sẹ́ni tó dá pé ìdajì. Ẹ wá ro 89 pọ̀ mọ́ 73: 162 ni, ó tó ṣèjọba. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ Azíkíwè, olórí Alákùkọ, àtàwọn èèyàn rẹ̀ bá NPC lọ. Balewa ti NPC ń ṣèjọba nìṣó, Awólọ́wọ̀, olórí Ọlọ́pẹ, tó ti gbé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lé Akíntọ́lá lọ́wọ́ nítorí ìbò yìí, wá di olórí alátakò.

Bàbá wa, Ọlọ́pẹ paraku, kò yéé sọ títí wọ́n fi kú pé ọ̀dàlẹ̀ ni Alákùkọ. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. NPC kì í wá ìbò wá sí Ìbàdàn tàbí Iléṣà. Ọlọ́pẹ àti Alákùkọ ló ń jà níbẹ̀, àdúgbò sí àdúgbò, kódà Alákùkọ fẹ̀yìn Ọlọ́pẹ balẹ̀ nílé rẹ̀ nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Ta ló fẹ́ gbé irú alábàádíje bẹ́ẹ̀ ga? Alágbára tó wà lókèèrè rọrùn ún bá ṣe.

Ohun tí Alákùkọ ò kà sí ni pé alágbára náà ń wá ẹni tí ò ní lè bá òun ṣagídí. Ní 1964, NPC rí Akíntọ́lá, tó ti bá Awólọ́wọ̀ jà, àti Dẹ́mọ (NNDP), ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀, tí kò ní ibòmíràn tó máa sá sí. Ìgbà yẹn ni Alákùkọ àti Ọlọ́pẹ tó di ọ̀rẹ́, wọ́n dá àjọṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní UPGA sílẹ̀. Nígbà tí ìbò December dé, ìpinnu tí wọ́n jọ ṣe ni pé àwọn ò ní dìbò.