Hánà ò pariwo

Nínú Bíbélì, ọdọọdún ni Ẹlikánà ń kó ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, Hánà àti Pẹ̀nínà, àtọmọ lọ rúbọ ní Ṣílò. Kì í yẹ̀ ẹ́. Á pín ẹran bó ṣe tọ́, oníkálukú á gba tirẹ̀. Ibi ẹbọ yẹn náà sì ni Pẹ̀nínà ti ń fi ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí gún Hánà lára, tí Hánà á fi máa sunkún, tí kò ní lè jẹun. Àwọn àlùfáà ibẹ̀ ńkọ́? Hófínì àti Fíníhásì, ọmọ Élì àlùfáà àgbà. Kí wọ́n tó sun ọ̀rá ẹran fún Olúwa, ọmọọṣẹ́ wọn á ti dé, á ní ẹran tútù lòún fẹ́. Ẹni tó bá jiyàn, á fipá gbà á.

Àárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Hánà ti dìde lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Élì wò ó láti orí àga rẹ̀, ó ní ó ti mutí yó. Àlùfáà àgbà o! Kò dá àdúrà mọ̀.

Níbi ìṣọ́ òru kan níbí n'Íbàdàn, obìnrin kan jókòó lẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Ó ń fi eyín jẹ etí ìborùn rẹ̀. Wọ́n ní ká pariwo orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀meje. Ọ́ṣà kan gbá a léjìká: "Màdáámù, ẹ dìde, ẹ gbàdúrà!" Ó dìde, ó lanu, omijé ló ń dà. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mi ò ní ká má gbààwẹ̀, ká má jẹ́ ẹ̀jẹ́ o. Hánà náà jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó sì mú Sámúẹ́lì, ọmọ tó bí lẹ́yìn náà, wá tòun ti màlúù, ìyẹ̀fun àti wáìnì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú tó tú síwájú Olúwa ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹni téèyàn fọkàn tán là ń bá sọ irú ẹ̀. Èmi náà, bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, mo máa ń sọ fún Un pé inú ń bí mi, máa sì dárúkọ ẹni tó bí mi nínú. Mo mọ̀ pé Ó ń gbọ́.

Hánà ò tíì lóyún tó fi jẹun lọ́jọ́ yẹn, tójú rẹ̀ ò fà ro mọ́. Èyí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Ẹ̀yin ọ́ṣà wa, mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Tí àdúrà bá parí, ẹ bi í léèrè wọ́ọ̀dù tí ọmọ rẹ̀ wà, ká lè lọ kí i.