Kíkó adìyẹ ilé láti Kánò dé Àbújá

Kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ló ń pa adìyẹ, ooru ni. Adìyẹ kì í làágùn. Ẹnu ló fi ń mí ooru síta. Bí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wọn lára. Ibi tó bá ti dúró sínú oòrùn nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni wọ́n ti ń kú. Bí ẹ bá lè dúró, ẹ má kó adìyẹ kúrò ní Sabon Gari wá sí Kubwa lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná.

Ó kù bí ọ̀sẹ̀ 3 ni kí ẹ ti fún wọn ní àjẹsára lúkúlúkú, torí ìnira ọ̀nà máa ń jẹ́ kí àìsàn tó fara pamọ́ yọjú. Ẹ tún gba ìwé pé ara wọn dá lọ́wọ́ dókítà ẹranko ìjọba. Ìpínlẹ̀ Kàdúná tí ẹ máa gbà kọjá ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí bird flu ní Nàìjíríà, ní 2006. Àgbébọ̀ tó bá ń sàba, ẹ fi sílẹ̀ kó pamọ ná; mọ́tò á gbo ẹyin náà dà nù.

Kérétì oníke tí àwọn oníṣòwò ń ki adìyẹ 12 sí, ẹ má fi ju 8 sínú rẹ̀. Àkùkọ 2 kò gbọdọ̀ wọ kérétì kan. Ẹ tẹ́ páálí sí i, kí ẹ da èérún pákó lé e, nítorí ike máa ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn á sì rọ́.

Òru ni ara ìbá tù wọ́n jù, ṣùgbọ́n ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá kì í ṣe ọ̀nà tí à ń rìn lóru. Agogo 4 ìdájí ni kí ẹ mú wọn, nígbà tí wọn kò tíì ríran. Ẹ fọwọ́ tẹ àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn wọn wò: ó gbọ́dọ̀ rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí awọ lásán. Èyí tó bá ṣì kún, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, omi àti àgbàdo á ṣàn padà, á sì fún un lọ́fun pa. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi pa ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ra.

Búùtù kì í ṣe ibi adìyẹ láéláé. Àlàfo ìbú ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín kérétì méjì. Ní wákàtí 2-2, ẹ dúró lábẹ́ igi, kí ẹ gé watermelon fún wọn. Omi inú abọ́ á dà, á sì rẹ èérún náà. Èyí tó bá yanu, tó tẹ́ ìyẹ́, ń kìlọ̀ ni. Bí ogbe orí rẹ̀ bá dúdú, tí ojú rẹ̀ sì ń pa dé, ẹ gbé e jáde lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ omi tútù, kì í ṣe omi yìnyín.

Bí ẹ bá dé, omi lẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, ẹ bu glucose díẹ̀ sí i. Oúnjẹ di wákàtí kan lẹ́yìn náà, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ní Kánò gan-an, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ adìyẹ aládùúgbò fún ọjọ́ 21. Wọ́n lè má yé ẹyin fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ pa wọ́n jẹ.

Síso adìyẹ tuntun lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó kò dára, okùn á gé e, ajá á sì bá a níbẹ̀. Ẹ tì wọ́n mọ́lé fún ọjọ́ 10. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó ku wákàtí kan kí ilẹ̀ ṣú. Wọn ò ní lè jìnnà kí òkùnkùn tó dé, fúnra wọn ni wọ́n á sì padà wọlé lọ sùn.