Ṣé O Ti Wọ̀n Ọ́n? Ohun Tí Ẹ̀rọ Géèmù Àfọwọ́ṣe Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń bi mí bí mo ṣe kọ́ ẹ̀rọ géèmù tó wà ní yàrá mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn mí jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá sọ́fítíwià jà, sọ́fítíwià ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Raspberry Pi 3 ni kọ̀ǹpútà tí mo lò. Pátákó kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ. Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sì jáde lóṣù Kejì ọdún 2012 ní dọ́là 35, kí ọmọdé lè rí kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú fi kọ́ṣẹ́. Ọdún 2016 ni irú tèmi jáde. Àlòkù ni, ọwọ́ ẹnì kan tó ti fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì ni mo ti rà á. Mo kó RetroPie, sọ́fítíwià tó ń mú géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́, sínú mẹ́mọ́rì káàdì, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ki páàdì USB bọ̀ ọ́, ó tàn. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ilé. Ká tó dé ìpele kejì géèmù, ó háǹgì.

Mo pa á, mo tún un tàn. Ó tún háǹgì. Mo ní RetroPie yìí ò dáa, mo kó Recalbox, irú rẹ̀ mìíràn, sí i. Ó háǹgì. Mo gbé Lakka wá, Lakka náà háǹgì. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwòrán mànàmáná kékeré kan, pupa rúsúrúsú, ń yọjú lókè tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń yọ, ó ń wọlé. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Géèmù ni mo ń wò, kò sí ohun tí kì í ṣẹ́jú nínú géèmù.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ló là mí lójú, wọn ò sì rí Raspberry Pi rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Iná tó ń wọ inú ẹ̀, ṣé o ti wọ̀n ọ́n?"

"Ṣájà fóònù ni, bàbá. Volt 5, amp 2. Ó wà lára ẹ̀."

Ẹ̀rín pa wọ́n. "Ohun tó wà lára ẹ̀ kọ́ ni mo bi ọ́."

Wọ́n gbé mítà. Lẹ́nu ṣájà, volt 5.0 géérégé. Wọ́n ní kí n tan géèmù, wọ́n wá fi ẹnu mítà pupa kan pín-ìnì kejì nínú àwọn irin ṣóńṣóṣóńṣó tó tò sórí pátákó, wọ́n fi dúdú kan ìkẹfà. Mítà kà 4.55.

Ibo ni ìyókù wọlẹ̀ sí? Inú wáyà ni. Wáyà ṣájà mi gùn láti ìdí ògiri dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Bí ìdènà inú wáyà bá jẹ́ ohm 0.3, tí amp 1.5 ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 0.45. Òfin Ohm tí gbogbo wa há sórí nítorí WAEC nìyẹn. Mo gba A nínú ẹ̀, mi ò sì dá a mọ̀ nígbà tó jókòó tì mí. Bí iná bá ti wálẹ̀ ju volt 4.63 lọ, Pi á gbé mànàmáná yẹn sójú tẹlifíṣọ̀n, á dín eré rẹ̀ kù. Bó bá wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á háǹgì tàbí kó tún ara rẹ̀ tàn. Volt 5 àti amp 2.5 làwọn tó ṣe é ní ká fún un. Mo ra wáyà kúkúrú tó nípọn àti ṣájà tó tó o. Kò háǹgì mọ́. RetroPie tí mo ti bú ni mo padà sí.

Bí tiyín bá ń ṣe ségesège, ẹ tẹ vcgencmd get_throttled, àṣẹ tí Pi fi ń sọ bí iná rẹ̀ ṣe rí, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bó bá dáhùn 0x0, iná yín dáa. 0x50005 lèmi rí, ó túmọ̀ sí pé iná ò tó un báyìí, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú.

Mo wá fẹ́ fi ọgbọ́n ju NEPA lọ. Mo fi power bank sáàárín, pé bí wọ́n bá mú iná lọ, géèmù á máa bá a lọ. Irọ́ ni. Bí iná bá ti lọ tàbí tó dé, power bank tèmi á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan kó tó yí padà, ṣíṣẹ́jú yẹn sì ti pa Pi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìgbà tó ń kọ nǹkan sórí mẹ́mọ́rì káàdì lọ́wọ́ ló ṣẹ́jú ọ̀hún. Ilẹ̀ mọ́, káàdì ò mọ ẹni tó ń jẹ́ RetroPie mọ́.

Mo lọ ra káàdì tuntun, 64GB, owó rẹ̀ sì rọjú. Ẹ̀yin náà mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo rántí bàbá, mo wọ̀n ọ́n kí n tó lò ó. Mo fi f3write kọ nǹkan kún un, mo fi f3read kà á padà, àwọn sọ́fítíwià tó ń wọn bí káàdì ṣe tóbi tó ni wọ́n (H2testw ni ti ẹni tó ń lo Windows). Nǹkan tó kà bọ̀ kò pé 8GB. Ìyókù, orúkọ lásán. Mo dá a padà fún ẹni tó tà á, ó ní bí òun náà ṣe rà á nìyẹn.

Ní báyìí, mo ti tan overlay, ètò tí kì í jẹ́ kí Pi kọ nǹkan sórí káàdì, nínú raspi-config tí wọ́n ti ń yí ètò Pi padà, kò sóhun tó ń kọ sórí káàdì mọ́, NEPA lè mú iná lọ bó ṣe wù wọ́n. Géèmù tí èèyàn bá fi pamọ́ ń lọ sórí flash USB. Bí flash bá bàjẹ́, ipele tí mo dé nìkan ló bá a lọ.

Inú VCD tó ti kú ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Àyè wà nínú ẹ̀ fún fáànù kékeré, ẹ má sì fojú di fáànù o: tí Pi bá gbóná dé 80°C, á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bọ́tìnnì iwájú VCD náà ni mo fi sódà so mọ́ pín-ìnì Pi. Volt 3.3 làwọn pín-ìnì yẹn lè gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni volt 5 wà nítòsí wọn. Ọwọ́ mi yẹ̀. GPIO 17, ọ̀kan lára àwọn pín-ìnì yẹn, lórí pátákó tèmi kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́ títí dòní.

Bó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n onídìí lẹ ní, tí kò ní HDMI, ihò agbọ́hùn Pi 3 ń gbé àwòrán jáde. Ẹ kọ sdtv_mode=2 sínú config.txt, fáìlì ètò Pi, torí PAL ni ìlànà àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n ọ̀dọ̀ wa ń lò, NTSC, ìlànà ti Amẹ́ríkà àti Japan, ni Pi á sì gbé wá bẹ́ ò bá sọ fún un. Bí àwòrán ò bá sì yọ, ẹ fi ẹnu wáyà pupa síhò tó yẹ kí yẹ́lò wà. Ọ̀pọ̀ wáyà AV ọjà, àwọ̀ wọn ò bá ti Pi mu.

Ní ti géèmù fúnra rẹ̀, èyí táwọn tó ṣe é fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ lọ súà. Ẹni tó bá fẹ́ máa ta ẹ̀rọ tó kún fún géèmù tó jẹ́ ti oníǹkan, kó má dárúkọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá kí wa nígbà Ìléyá. Àwọn ló kọ́ mi ní géèmù onikásẹ́ẹ̀tì nígbà tá a wà ní kékeré. Wọ́n mú páàdì, kò pẹ́ tí wọ́n fi kú. Wọ́n tún kú. Wọ́n ní, "Èyí ń sáré jù. Kódà orin ẹ̀ ń sáré. O ò ṣe é dáadáa." Ó dùn mí díẹ̀. Mo ti fẹ́ máa wí àwíjàre, àfi bí ọ̀rọ̀ bàbá onírédíò ṣe sọ sí mi lọ́kàn. Mo tan òǹkà àwòrán lójú tẹlifíṣọ̀n: àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà ní Japan gẹ́lẹ́. Tiwa ayé ijọ́un, àfarawé ẹ̀rọ Nintendo tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n PAL, 50 ló ń sá. Gbogbo ìgbà ọmọdé wa, géèmù tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀ la ta, a ò sì mọ̀.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò bèèrè Japan.

Mo wọ inú ètò rẹ̀, mo yí ibi tó wà ní NTSC sí Dendy, ìyẹn orúkọ àfarawé kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1992, òun náà ń sá 50. Orin bẹ̀rẹ̀, ó falẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fà síwájú lórí àga, wọ́n gbé páàdì sórí orúnkún bí wọ́n ti máa ń gbé e tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì máa gbójú sókè, ẹran ti tutù.