Mo Lọ Gba Ohùn Bàbá Fọ́tò Kan Sílẹ̀ N'Ílàá

Aago mẹ́fà àbọ̀ ìdájí ni mo kúrò nílé n'Ìbàdàn, mo wọ mọ́tò Òṣogbo ní Ìwó Road, mo fi íápíìsì sétí. Kì í ṣe orin ni mò ń gbọ́ o. Láti bí ọdún méjì báyìí ni mo ti ń kó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn fọ́tògíráfà jọ sórí fóònù mi, èyí tó jẹ́ ohùn lásán, tí kò ní fídíò. Fọ́tò lèmi náà ń yà jẹun, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, àmọ́ kò sóhun tó máa ń dùn mọ́ mi bíi kí n gbọ́ kí ẹni tó ya fọ́tò máa sọ bó ṣe yà á. Torí fọ́tò ò lẹ́nu. Kò ní sọ fún ẹ pé ẹni tó yà á ti dúró sínú oòrùn láti àárọ̀, kò ní sọ pé ìyá tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ti kọ́kọ́ lé e jáde.

Ẹ wo ti Seydou Keïta, ará Bamako ní Mali. Ọdún 1948 ló ṣí stúdíò ẹ̀, fọ́tò ẹ̀ ti wá dé àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńláńlá lónìí. Ẹ̀yìn àwọn tó yà, aṣọ oníṣẹ́-ọnà kan máa ń wà níbẹ̀, ẹni tó bá wò ó á kàn ní aṣọ yẹn dáa. Ìgbà tí wọ́n wá jókòó ti bàbá náà lọ́jọ́ ogbó tí wọ́n bi í léèrè ni wọ́n tó gbọ́ pé aṣọ tó fi ń bo bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ gan-an ni àkọ́kọ́ nínú wọn, àti pé ọdún méjì sí mẹ́ta ló fi ń pààrọ̀ ẹ̀, aṣọ yẹn ló wá fi ń dá ọdún tó ya fọ́tò mọ̀. Tí wọn ò bá bi í ńkọ́? Malick Sidibé náà, Bamako kan náà, òun ló sọ pé alẹ́ Sátidé òun á ti pátí kan bọ́ sí òmíràn, òun á padà sí stúdíò lóru náà lọ fọ fíìmù, kí àwọn ọ̀dọ́ tó bá máa wá wo ara wọn lè bá a nílẹ̀. Mo gbọ́ ìyẹn lọ́jọ́ kan tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde dé tí ẹ̀yìn ń ro mí, omi bọ́ lójú mi, òótọ́ ni.

Kí ló wá gbé mi dé Ìlá-Ọ̀ràngún? Ọdún 1978 ni ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn African Arts nípa fọ́tò àwa Yorùbá, Ìlá sì ni ibi tó ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí ẹ̀. Ó kọ nípa bí àgbàlagbà ṣe máa ń jókòó fún fọ́tò, á kọjú sí kámẹ́rà gangan, á tẹ́ aṣọ dáadáa, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó wá kọ nípa ìbejì, pé tí ọ̀kan bá ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, ẹyọ kan tó kù ni wọ́n á yà, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, ìyá á wá ní fọ́tò níbi tí àwọn ìyá àtijọ́ ti ń ní ère ìbejì. Ibẹ̀ yẹn ni mo kà tí mi ò lè kúrò ńbẹ̀. Mo ní àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn ṣe é dà? Ta ló ti gbọ́ ohùn wọn?

Ní Òṣogbo mo bọ́ sínú Micra, àwa mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà, a gba Ìkìrun kọjá, mi ò lè sọ púpọ̀ nípa ọ̀nà torí àpò ẹnìkan wà lójú mi títí a fi dé. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ìlá ló júwe bàbá náà fún mi. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, stúdíò ẹ̀ ṣì wà lójú títì, yàrá kan, bẹ́ǹṣì kan, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń bá a tẹ fọ́tò báyìí.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, sà." Bàbá ní kí n dìde, ó wo kámẹ́rà ọrùn mi, ó bi mí iye ọdún tí mo fi kọ́ṣẹ́. Mo ní oṣù mẹ́jọ ni. Ó ní, "Ọdún mẹ́rin lèmi lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ọdún kìíní, omi ni mò ń pọn." Àṣé omi yẹn pàápàá iṣẹ́ ni, torí tí omi ò bá mọ́, fọ́tò á ní àbàwọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ohùn àgbà sílẹ̀, ẹ fetí sí èyí. Mo fi máìkì kékeré kọ́ ọrùn bùbá bàbá, aṣọ ń ha á, mo ní láti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n bá mi pa fáànù, ooru mú gbogbo wa, àmọ́ ariwo fáànù kì í kúrò lára ohùn tó bá ti wọ ibẹ̀. Mi ò sì béèrè ìbéèrè tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo kàn ń sọ pé, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ṣe é?" mo wá dákẹ́.

Bàbá sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa kámẹ́rà onípákó tí wọ́n ń fi aṣọ dúdú borí kí wọ́n tó wò ó, ó sọ nípa ìgbà tí kò sí iná lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á gbé nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ, lé pépà, wọ́n á ṣí fèrèsé díẹ̀, wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n á pa á dé. Ó dé orí ìbejì fúnra ẹ̀, mi ò tíì béèrè. Ó ṣàlàyé bó ṣe ń bo ìdajì pépà, tó ń tẹ ọmọ náà sí ìdajì kejì, tó tún ń yí i. Ó dùn ún sọ, ọwọ́ ẹ̀ ń ṣe é bí ẹni tó wà nínú dáàkùrúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò.

Ogójì ìṣẹ́jú ti lọ kí n tó wo fóònù. Ẹnìkan ti pè mí, ìpè yẹn ti dá ohùn dúró láti ìṣẹ́jú kẹsàn-án, mi ò sì fi fóònù sí flight mode. Ara mi tutù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, èmi obìnrin, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kò wọlé." Bàbá mu omi. Ó ní tí fíìmù bá jóná, àá padà lọ bẹ oníbàárà ni, kò sóhun tuntun ńbẹ̀, kí n jókòó.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, àmọ́ kò sọ ọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó dárúkọ ìyá kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí. Táíwò ti kú, Kẹ́hìndé ló gbé wá, ọmọ ọdún mẹ́ta, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ọmọ náà ò dúró jẹ́ẹ́, bàbá ní kó gbójú sókè, kó má mí, ó yà á. Ọjọ́ kẹta ìyá padà wá gba fọ́tò, ó gbé e lọ́wọ́, ó wò ó pẹ́, ó wá béèrè pé, "Èwo ni Táíwò ńbẹ̀?"

Bàbá dákẹ́. Mo ti kà á lórí ohùn yẹn, ìṣẹ́jú àáyá 11 ni. Ó wá ní, "Mo ní èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ ni." Ìyá dúpẹ́, ó sanwó, ó lọ. Bàbá ní gbogbo ìgbà tí òun bá ya ilé wọn, òun á bá ẹ̀wà níwájú fọ́tò náà, lápá ọ̀tún.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń gé pàsípọ́ọ̀tù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó ní láti kékeré òun, òun ò gbọ́ ọ rí.

Mo rántí Keïta, mo bi bàbá nípa aṣọ ẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n lọ gbé e wá. Eku ti jẹ etí ẹ̀, àmọ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n kùn sára ẹ̀ ṣì hàn, àti ọkọ̀ òfúrufú kan lókè. Bàbá ní aṣọ alátẹ̀gùn yìí ni ti ìgbà tí náírà dé, lọ́dún 1973, tí fọ́tò bá ní òdòdó lẹ́yìn, ayé pọ́n-ùn àti ṣílè ni. Ẹ rí i? Bamako ni Bamako, Ìlá ni Ìlá, àwọn méjèèjì ò mọra wọn rí, aṣọ ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ka ọdún. Àwọn nẹ́gẹ́tíìfù ńkọ́? Òjò wọlé sí òmíràn, ìyókù, àwọn tó wá pààrọ̀ páànù dà á nù mọ́ ìdọ̀tí. Inú mi bàjẹ́ gidi, ó ṣì ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá Ojeikere, fọ́tògíráfà ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin lọ́dún 1968, Ìbàdàn wa níbí lòun náà ti ṣiṣẹ́ dáàkùrúùmù lọ́dún 1954, ó ṣọ́ iṣẹ́ ẹ̀, ayé rí i kó tó kú lọ́dún 2014. Mélòó ló wà n'Ílàá, n'Íwòó, n'Íkìrun tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan kan? Tẹ́ ẹ bá ní bàbá fọ́tò ládùúgbò, ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, fóònù ọwọ́ yín ti tó.

Mo sùn n'Ílàá mọ́jú, ọmọ bàbá ní kí n fi ohùn náà ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, mi ò gé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kúrò. Nígbà tí mò ń padà bọ̀ ni mo tún fi íápíìsì sétí tí mo gbọ́ ọ dé òpin, mi ò mọ̀ pé mi ò tètè pa á. Mo gbọ́ bí mo ṣe ń dúpẹ́, mo gbọ́ tí wọ́n tan fáànù padà, ọmọ ilé-ìwé kan wọlé pé òun fẹ́ ya pàsípọ́ọ̀tù WAEC. Bẹ́ǹṣì dún. Bàbá ní, "Gbójú sókè díẹ̀. Má mí."