Àyẹ̀wò ọdún 2025: ọdún tí ọkọ̀ wa jókòó sí Àgbádárìgì

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin tí ẹ ń bi wá pé ìlú wo la tún dé. Àgbádárìgì ni. Láti oṣù Kẹta tí a ti gba ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ wọlé ni Hiace wa, tó jẹ́ ọkọ̀ tó tún jẹ́ ilé, ti wà nínú ọgbà kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà, lábẹ́ igi àgbọn. (A ti sún un kúrò lábẹ́ igi àgbọn. Ẹni tí àgbọn bá já lu òrùlé rẹ̀ láàárín òru yóò mọ ìdí.)

Ká gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, ká tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ká ṣiṣẹ́ kówó wọlé díẹ̀, ohun tí a tìtorí ẹ̀ dúró nìyẹn. Pásípọ́ọ̀tù ti jáde tipẹ́, ẹ́ńjìnnì sì ti ń dún dáadáa. Bọ́dì ló dá wa dúró. Afẹ́fẹ́ òkun níyọ̀ nínú, ibi tí kun bá ti bó ló sì kọ́kọ́ ń jẹ. Nígbà tí panẹbítà ká rọ́bà ilẹ̀ ọkọ̀ kúrò, irin abẹ́ ibùsùn wa ti dógùn-ún débi pé ìka lásán ń gún un lu. Ó gé e, ó ní òun máa jó irin tuntun mọ́ ọn. Bí òjò oṣù Kẹfà ṣe dé nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń jó irin nínú òjò. Títí òjò fi dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù Kẹjọ, pákó la fi bo ihò náà.

Mẹkáníìkì wa ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ tí kò rìn. Ó ní ká má kàn máa ṣíná sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ká tún pa á, torí omi tó ń kóra jọ sínú sàlẹ́ńsà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù kò ní ráyè gbẹ; inú ni yóò ti jẹ irin náà. Ká wà á títí yóò fi gbóná, kí bíréèkì má baà lẹ̀, kí táyà má baà máa fi ojú kan ṣoṣo gbé ẹrù. Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi ń wà á gba ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà yẹn pọ̀, oríṣiríṣi aṣọ. “Kí lẹ kó?” Ibùsùn àti ìkòkò ọbẹ̀. Wọn ò kọ́kọ́ gbà. Ní báyìí, àwọn kan ti ń béèrè pé ṣé ọbẹ̀ ti jinná.

Inú ọkọ̀ náà la ṣì ń sùn. Ìyá onílé, tó jẹ́ ọmọ Ègùn gidi, ní yàrá tó ṣófo. Ó pè mí sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan: “Ìyàwó, tó bá jẹ́ pé owó ilé ni kò sí, sọ fún mi.” Mo ṣàlàyé títí. Kò yé wọn. Wọ́n bu àkàrà fún mi. Nígbà tí wọ́n wá wọlé wá jókòó, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ó mọ́ ju ilé ẹlòmíì lọ. Oríyìn ọdún mi nìyẹn.

Sólà tó ń tó wa lò ní Senegal kò tó wa lóṣù Keje níbí. Fíríìjì la kọ́kọ́ pa. Ọjà Agbálátà ló wá di kàlẹ́ńdà wa: ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, ẹja gbígbẹ àti gaàrí la sì ń rà.

Ohun tí mi ò retí ni owó tiránsífọ́mà. Tiránsífọ́mà àdúgbò jó, àwọn lánlọ́ọ̀dù pín owó náà sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ “ọkọ̀ inú ọgbà” sínú ìwé bí ojúlé kan. Àwa tí a ní sólà! Ọkọ mi fẹ́ bá wọn jà á. Mo ní kó san án. Lójú ọ̀nà, àlejò ni wá: bí nǹkan bá bàjẹ́ níbì kan, a ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti kà wá mọ́ àwọn tí nǹkan bàjẹ́ fún. Owó yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni àwọn tí kì í kí wa ti ń kí wa, nígbà tí Zangbeto, eégún àwọn Ègùn tó ń ṣọ́ ìlú, sì fẹ́ jáde lóru, wọ́n rán ọmọ wá sọ fún wa. A ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, a ń gbọ́ ìlù.

Ètò ọ̀nà náà ti yí padà. Burkina Faso àti Mali la fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ni àwọn àti Niger ti jáde nínú ECOWAS, ààbò ojú ọ̀nà ibẹ̀ kò sì fọkàn mi balẹ̀. Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáṣà ní orílẹ̀-èdè Benin la ń lọ báyìí, ká wá já sí Atakpamé ní Togo. Ó kù ká gba Brown Card tuntun, ìyẹn ìwé adójútòfò ọkọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Kútọnu lọ́dún 1982. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ti kú.

Oṣù Kejì la fẹ́ gbéra. Ìyá onílé gbọ́, wọ́n wọlé lọ gbé léèsì jáde: aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ wọn, oṣù Kẹrin. A ti sanwó rẹ̀, télọ̀ sì ti wọn ọkọ mi. Ẹ má retí fọ́tò Kétu kí oṣù Kẹrin tó kọjá.