Aago Ọwọ́ Kò Mọ Ẹni Tó Ń Yan Gàrí

Ẹ̀yin àbúrò mi,

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ẹbu gàrí kan lẹ́yìn Àgọ́-Ìwòyè, aago ọwọ́ tó ń ka ohun tí ara ń ṣe kún àpò mi, mo sì ti há ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sórí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, a fẹ́ máa gba dátà yín fún oṣù mẹ́ta." Gbogbo ẹbu dákẹ́ lọ. Ìyá kan tó ń kù gàrí gbé orí sókè, ó ní, "Dátà wa kẹ̀? Èyí tí mo rà níjẹta, n ò mọ ibi tó wọlé sí, ẹ tún fẹ́ gbà níbẹ̀? Ṣé ẹ máa dá a padà?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, "àkọsílẹ̀ ohun tí ara yín ń ṣe" ni mò ń wí. Ó gùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún di fóònù rẹ̀ mú gírígírí mọ́.

Ẹ ti wá bá wa báyìí nídìí iṣẹ́ yìí, níbi tí a ti ń fi aago ọwọ́ ṣe ìwádìí ìlera àti nǹkan oṣù àwọn obìnrin, ọ̀gá sì ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀. N ò ní tò ó bí ẹni to ẹrù ọjà.

Kí ẹ tó so aago mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń mọ bí ọwọ́ ṣe ń mì, síwá, sẹ́yìn, sókè, sílẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tàn sínú awọ. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé iná yẹn mì, nítorí náà nígbàkígbà tí ọkàn bá lù tí ẹ̀jẹ̀ sì rọ́ dé ọrùn ọwọ́, iná tó ń padà bọ̀ á dín kù díẹ̀. Bí aago ṣe ń ka ìlù ọkàn nìyẹn. Àwọn mìíràn tún ní èyí tó ń wọn ooru awọ. Ní ti iṣẹ́ wa, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye ìṣísẹ̀, wákàtí oorun, agbára tí ara lò, àti èyí tí wọ́n ń pè ní másùnmáwo, aago ò rí ọ̀kankan nínú wọn. Ó fojú dá wọn ni, àwọn tó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fojú dá a kò dé ẹbu gàrí rí.

Ìyá tó bi mí léèrè dátà yẹn ló kọ́kọ́ gbà kí n so aago mọ́ òun. Ọwọ́ ọ̀tún ló ní kí n so ó mọ́, torí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ wà ní òsì, kò sì fẹ́ kí nǹkan kan ha ẹ̀gbà òun. Mo gbà, n ò mọ̀ pé mo ti dáràn. Lọ́jọ́ kejì ó jókòó ti agbada láti àárọ̀, ó fi igbá ń yí gàrí, ọwọ́ ọ̀tún kò sinmi. Nígbà tí mo gbé àkọsílẹ̀ jáde lọ́sàn-án, aago ní ó ti rin ìṣísẹ̀ 11,000. Ìyá yìí ò dìde lórí àpótí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé gàrí karí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn di ẹrù mú, ó fẹsẹ̀ rìn dé oríta tí ọkọ̀ ń dúró sí. Ọ̀nà jìn, mo bá a rìn ín, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Aago ò ka nǹkan kan tó nítumọ̀, torí ọwọ́ tó di ẹrù mú kò mì. Ó fún ẹni tó jókòó ní ìrìn, ó gba ìrìn lọ́wọ́ ẹni tó rìn. Ìyálọ́mọ tó pọn ọmọ tó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn gbá a mú, bákan náà ló ṣe sí i.

Kí ni a ṣe? A pa aago tì fún ọjọ́ kan, a jókòó ti àwọn obìnrin náà láti ìgbà tí wọ́n bó pákí títí dìgbà tí wọ́n palẹ̀ mọ́, a ń kọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn la tó gbé àkọsílẹ̀ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ìwé olójú ewé ọgọ́ta tí a kọ ọ́ sí ló gbà wá. A fi iye ìṣísẹ̀ sílẹ̀, ìmìtìtì ọwọ́ gan-an la ń lò báyìí, ọwọ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ ni a sì ń so aago mọ́. Ẹ̀gbà á yẹra díẹ̀. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ wọ́n.

Ti ooru ara ló tún wá le jù. Bí ẹyin obìnrin bá ti já, ara rẹ̀ máa ń gbóná sí i díẹ̀, bí 0.3 sí 0.5 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, títí nǹkan oṣù mìíràn fi máa dé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fi aago ṣe lórí nǹkan oṣù, orí ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló dúró lé. Ẹ wá wo ìyàtọ̀ kékeré yẹn nítòsí agbada gbígbóná. Ẹ má tilẹ̀ wò ó lọ́sàn-án rárá, òru nìkan ló wúlò. Àmọ́ òru Ìjẹ̀bú náà ní tiẹ̀. Obìnrin kan wà tí ìlà ooru ara rẹ̀ lọ sókè ní òru mẹ́ta léraléra, inú mi dùn, mo ti fa ìlà pupa síbẹ̀ pé ẹyin já. Nígbà tí mo béèrè, ó ní wọn ò ní iná ní àdúgbò àwọn láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Fáànù dúró, yàrá gbóná, awọ gbóná. Kò sí ẹyin kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìwé wa láràárọ̀ ni: "Ṣé iná wà lánàá?" Àwọn tó ń gba iṣẹ́ wa yẹ̀wò lókè òkun béèrè ohun tí ìyẹn jẹ mọ́ ìlera obìnrin. A ṣàlàyé fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kíka ọjọ́ ló ń jó mi lára jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọjọ́ Ẹtì kan, mo bi obìnrin kan ní Ìlíṣàn léèrè ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìjẹrin ni." Ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé gbọ́ ẹ̀rin níbẹ̀, ó yọ 4 kúrò nínú déètì, ó kọ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni obìnrin náà ń wí. Àwa Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn: òní, àná, ìjẹta, ìjẹrin. Ọjọ́ mẹ́jọ òní, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ yìí kan náà ni, ọjọ́ méje lórí kàlẹ́ńdà. Ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà kà á, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni yóò bá. Gbogbo wa la mọ èyí lẹ́nu, àmọ́ ìgbà tí bírò bá ti dé ọwọ́ wa báyìí, a ti di òyìnbó. Odindi ìwé oṣù kan la fi ọjọ́ kan bà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i. Ọjọ́ kan kì í ṣe nǹkan kékeré níbí o: ẹyin tó já kì í gbé ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ.

Nítorí náà, ẹ mú kàlẹ́ńdà tí a sàmì ọjọ́ ọjà àdúgbò náà sí lọ́wọ́, kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ fi ìka tọ́ka sí i. Ọ̀pọ̀ wọn á sọ fún yín pé, "Ọjọ́ kejì ọjà ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ẹrù," ìyẹn sì dájú ju déètì tí ẹ fipá gbà lẹ́nu wọn lọ. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé gan-an, kì í ṣe ọjọ́ tó kán tótó lásán. Ẹ má sì fi ọjọ́ 28 wọ gbogbo wọn bí aṣọ ẹgbẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù kan sí ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, ọjọ́ 24 sí 38 ni àjọ FIGO, ti àwọn oníṣègùn obìnrin lágbàáyé, kà sí déédé.

Ẹ ó rí ọjọ́ òfo nínú àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń gba ọjọ́ kan wọlé tí wọ́n bá wọ aago tó wákàtí 10, wọ́n á ju ìyókù nù. Ẹ má yá a jù. Lẹ́yìn Iléyá ọdún kan, àwọn obìnrin wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣófo lọ́jọ́ kan náà, bí ẹni pé wọ́n jọ di ìmọ̀ pọ̀. Mo ti fẹ́ máa wá àléébù lára ẹ̀rọ kí àbúrò mi obìnrin tó rẹ́rìn-ín sí mi: "Ojúde Ọba ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ta ni yóò so rọ́bà dúdú mọ́ ọwọ́ tí góòlù wà?" Ọjọ́ tí wọ́n jó jù lọ́dún, aago wà nínú dúrọ́ọ̀. Òru ọjọ́ Ẹtì náà, tí oorun bá fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ béèrè ìṣọ́ òru kí ẹ tó kọ àìrí-oorun-sùn sílẹ̀. Nínú ààwẹ̀, ẹ béèrè sààrì.

Èyí tó kàn yìí, n kì í fi í ṣeré. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, obìnrin tí fóònù rẹ̀ kò gbé áàpù náà, fóònù ọkọ tàbí ti ọmọ rẹ̀ la so aago mọ́. Ó rọrùn, owó kò sí. Ọkùnrin kan wá bá wa ní Ṣàgámù, ó na fóònù sí mi: "Kí ni ìtumọ̀ pupa yìí? Ìyàwó mi ní òun wà nínú nǹkan oṣù lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì sí pupa lọ́sẹ̀ náà níbí." N ò mọ ohun tí n ó sọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Àwa la fi ojú ọkọ sí inú ara rẹ̀, a ò sì bi í. Láti ìgbà náà, fóònù tiwa nìkan là ń so aago mọ́, nọ́ńbà ló wà lórí rẹ̀, kò sí orúkọ. Òfin ààbò dátà ilẹ̀ wa ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra pàtàkì, àmọ́ kí òfin tó dé, ó yẹ kí a ti mọ̀.

Nítorí ìdí kan náà, ẹ má béèrè ìfètò sọ́mọ bíbí níwájú ìyá ọkọ. Abẹ́rẹ́ tàbí èyí tí wọ́n ń fi sí apá lè da nǹkan oṣù àti ooru ara rú pátápátá, nítorí náà a gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan ní òun ò ṣe nǹkan kan. Mo ti fẹ́ gun ọ̀kadà nígbà tó sáré bá mi, ó fi ìka kan apá òkè, ó ní, "Ọlọ́dún mẹ́ta wà níbẹ̀." Ó ti yí padà kí n tó dáhùn.

Díẹ̀ tó kù, kíákíá. Awọ dúdú náà ń gbé iná aláwọ̀ ewé yẹn mì, nítorí náà ẹ so aago kó fún dáadáa, kí ẹ sì fọwọ́ ka ìlù ọkàn fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ fi wé e. Ní 2020, ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà nínú New England Journal of Medicine fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka, tó ń fi iná wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ń sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó, irú àṣìṣe yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun lára aláwọ̀ dúdú. Aago mìíràn ń fi àkókò Gíríńwíìshì pamọ́, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀: ẹni tó sùn ní 12:30 òru mọ́jú Sátidé, inú ọjọ́ Ẹtì ni ẹ ó ti bá a. Obìnrin 20 fún òru 30, ìlà àkọsílẹ̀ 600 ni, àmọ́ obìnrin 20 náà ni wọ́n; ẹ má lọ ṣírò wọn bí ẹgbẹ̀ta ènìyàn. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe aago bá sì ní kí ẹ ṣe àtúntò rẹ̀ láàárín iṣẹ́, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sílẹ̀, torí ọ̀nà tó ń gbà fojú dá nǹkan lè yí padà.

Ọjọ́bọ̀ ni ẹ ń lọ sí ẹbu. Ẹ mú kàlẹ́ńdà ọjà, bírò méjì, àti páwà báńkì. Ẹ má wọ funfun, èéfín agbada ò mọ olùwádìí. Bí wọ́n bá bu gàrí gbígbóná sí yín lọ́wọ́, ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó mú ìwé jáde. Ìyá ẹlẹ́gbà ọwọ́ yẹn á béèrè mi. Ẹ sọ fún un pé mo ń bọ̀, àti pé n ò gba dátà kankan.