Ìkòkò Ló Ń Gbé Ewé Dúró: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Kíróṣé

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi wúlù hun òdòdó kékeré inú ìkòkò, irú èyí tí a ń gbé ka orí tábìlì tàbí ojú fèrèsé, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí: ẹ pẹ́ nídìí ìkòkò náà ju bí ẹ ṣe ń pẹ́ nídìí ewé lọ. Ewé ló máa ń wọ̀ wá lójú, torí òun ló ní àwọ̀ tútù yẹn, òun la sì máa ń kánjú dé. Àmọ́ tí ìkòkò bá rọ̀, tí ìdí rẹ̀ ò tẹ́, tí ohun tí a kì sínú rẹ̀ ń yọjú láàárín wúlù, kò sí ewé tó lè gbà á sílẹ̀. Tí ìkòkò bá dúró dáadáa, ewé mẹ́ta péré ti tó láti mú ojú ẹni dùn.

Ìlọrin ni mo dàgbà sí, a ò sì jìnnà sí Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò ní Dàda. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rán mi lọ ra ìṣaasùn. Mo fẹ́ràn láti máa dúró wò wọ́n. Wọ́n á dojú ògbólógbòó ìkòkò dé, wọ́n á tẹ́ amọ̀ tí wọ́n ti gún kúnná lé ìdí rẹ̀, wọ́n á máa lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tí ìdí ìkòkò tuntun á fi yọ. Ẹ̀yìn tí ìdí yẹn bá le díẹ̀ ni wọ́n á tó máa fi amọ̀ tí wọ́n ti yí gbọọrọ gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sókè. Lọ́jọ́ kan tí mo ti dàgbà, tí èmi náà ti ń fi kíróṣé ṣiṣẹ́, mo kí ìyá kan níbẹ̀ kú iṣẹ́, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi máa ń pẹ́ nídìí rẹ̀ tó báyìí, tí ẹ sì máa ń tètè parí ọrùn?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìdí ló ń jókòó. Bí ìdí ò bá jókòó dáadáa, ta ló máa wo ọrùn?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sídìí píìnì kíróṣé mi, irin kékeré tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, tí a fi ń hun wúlù.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń ṣe é.

Kíróṣé tí a máa ki nǹkan sínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti fìlà tàbí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Àwọn ará Jàpáànù ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, amigurumi ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì mú un yàtọ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ ki. Fìlà ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ìkòkò wa ò fẹ́ ihò kankan. Nítorí náà, ẹ wo ìwé tó wé mọ́ wúlù yín. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n píìnì tó bá a mu síbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ mílímítà 4, ẹ mú 3, tàbí 2.5 tí ọwọ́ yín bá gbà á. Ó máa le díẹ̀ fún ọwọ́ níbẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ohun kejì tó ń mú kó ki ni ọ̀nà tí ẹ ń gbà mú òwú. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ láti yí òwú gba orí píìnì kọjá kí a tó fà á jáde. Tí ẹ bá ti ki píìnì bọ inú ojú (ìyẹn ìhun kọ̀ọ̀kan tí a ń kà), ẹ jẹ́ kí òwú wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu píìnì gbá a mú láti òkè, kí ẹ fà á jáde bẹ́ẹ̀. Tí ó bá wá ku kí ẹ fa òwú gba inú okùn méjì tó wà lórí píìnì, ẹ lè yí i bí ẹ ṣe ń yí i tẹ́lẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan á dà bí lẹ́tà X, á sì fún pọ̀. Ẹ dán méjèèjì wò lórí wúlù kan náà, ẹ ó rí i fúnra yín.

Wúlù àkírílíkì ni mo máa ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò ìránṣọ ní Ọjà Ọba. Àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ṣeé fọ̀. Tí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ òwú gidi, ó dára gan-an fún ìkòkò torí kì í nà púpọ̀, àmọ́ ó máa ń dun ìka. Ní ti àwọ̀, mo mọ̀ pé funfun àti búlúù làwọn èèyàn fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ìkòkò Dàda ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ ní tèmi. Nígbà tí ìkòkò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná bọ́ sílẹ̀, tó ṣì gbóná, wọ́n máa ń wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo irúgbá ṣe sí i lára, ìyẹn ló ń sọ ọ́ di pupa tó fẹ́ dúdú, tó sì ń dán. Mo máa ń wá wúlù aláwọ̀ amọ̀ pupa, màá sì fi èyí tó dúdú jù ú lọ hun ìyípo kan nítòsí ọrùn. Àwọn tó mọ Òkèlélé máa ń dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, inú mi sì máa ń dùn.

Ó yá, ìdí ìkòkò. Ẹ fi òwú yí ìka yín po, kí ẹ hun ojú 6 sínú òrùka náà, kí ẹ wá fa ìrù òwú yẹn kí ihò àárín dí pa. Àwọn tó ń kọ́ni ń pe èyí ní magic ring. Ní ìyípo kejì, ẹ hun ojú méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan, ó di 12. Ní ìyípo kẹta, ẹ hun ọ̀kan, kí ẹ hun méjì sínú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ títí, ó di 18. Ní ìyípo kẹrin, ẹ hun méjì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi méjì sínú ìkan, ó di 24. Ojú mẹ́fà-mẹ́fà ló ń lé sí i ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ó tẹ́. Tí ó bá ń ká sókè, ojú ò pé. Tí etí rẹ̀ bá ń gbé sókè gbé sódò bí ìgbì omi, ojú ti pọ̀ jù. Ẹ kà á. Ẹ fi okùn àwọ̀ mìíràn sí ojú àkọ́kọ́ nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, torí a kì í so ìparí ìyípo mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ níbí, ńṣe là ń yí lọ láìdúró, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín pé ìyípo kan ti parí yàtọ̀ sí okùn yẹn.

Ibi tó wá ṣe pàtàkì jù nìyí. Ẹ wo orí ojú kọ̀ọ̀kan: okùn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ní ìyípo karùn-ún, ẹ má fi kún ojú mọ́, ẹ hun 24, ṣùgbọ́n okùn ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ máa mú. Etí ìdí ìkòkò á ṣẹ́ lójijì, ẹ̀gbẹ́ á gbéra sókè, ẹ ó sì rí ilà kan tó yí ìdí po. Ilà yẹn ló ń jẹ́ kí ìkòkò jókòó. Ìkòkò tí kò ní i máa ń rí roboto nísàlẹ̀, ó sì máa ń yí dànù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sí okùn méjèèjì, kí ẹ hun ìyípo bíi mẹ́ta ní 24. Ẹ wá fẹ̀ ẹ́ díẹ̀: mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì sínú ìkẹrin, ó di 30. Ẹ hun ìyípo mẹ́ta sí i láì fi kún un. Fún ẹnu ìkòkò, okùn iwájú nìkan ni kí ẹ mú báyìí, kí ẹ sì tún fi ojú mẹ́fà kún un kí ó di 36. Ẹ hun ìyípo kan sí i, kí ẹ gé òwú. Ẹnu náà á ṣẹ́ síta. Okùn ẹ̀yìn tí ẹ fi sílẹ̀ nínú ló máa gba ilẹ̀ (èyí tó dúró fún iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò) tí a fẹ́ tẹ́ síbẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ má dí i.

Ilẹ̀ náà rọrùn. Wúlù aláwọ̀ ilẹ̀ dúdú ni, bí ẹ ṣe ṣe ìdí ìkòkò náà lẹ ó ṣe é, títí dé 30. Ẹ má tíì rán an mọ́ ìkòkò.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ohun tí a ń kì sínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó àti ewu wà. Fáíbà tí àwọn tó ń ṣe pílò ń lò ló dára jù. Ègé fóòmù máa ń ṣe kókókókó, ó sì máa ń hàn láti ìta. Òwú àràbà fúyẹ́, àmọ́ tí omi bá kàn án, ó máa ń dì pọ̀. Ẹ má ki ìrẹsì tàbí ẹ̀wà sínú rẹ̀ láti fi mú un wúwo. Kòkòrò á wọ̀ ọ́, á sì tú jáde lára wúlù nínú ilé oníbàárà yín. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀, tó sì ti gbẹ dáadáa, ni kí ẹ dì sínú ògbólógbòó ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ so ó le. Ẹ gé ìdérí ike ní róbótó kí ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí pátápátá. Páálí máa ń rọ̀ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ike ló dáa. Òkúta wá lé e, kí fáíbà tó tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọmọdé ni ẹ fẹ́ fún, pàápàá èyí tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ gbàgbé òkúta àti ike. Fáíbà nìkan ni. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú àti ẹ̀rín sí ìkòkò náà lára, òwú dúdú ni kí ẹ fi ya á, ẹ má lo ojú oníke tàbí bọ́tìnnì. Ọmọ lè fà á yọ, kó sì há a lọ́fun. Mo mọ̀ pé ojú oníke yẹn rẹwà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ti àgbàlagbà.

Ní ti ewé, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ahọ́n erin (aloe vera), tí àwọn mìíràn ń pè ní etí erin, torí ó wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé níbí, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ojú 4 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ hun ìyípo kan láì fi kún un. Ẹ sọ ọ́ di 6, ẹ hun méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ di 8, kí ẹ wá máa hun lọ títí tó fi gùn tó bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ má ki nǹkan kan sínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ hun ẹnu rẹ̀ pa pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ewé gùn dọ́gba. Ewé àárín ni ọmọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ni àgbà, bí igi náà fúnra rẹ̀ ṣe ń hù nìyẹn. Àwọn kéékèèké ni kí ẹ kọ́kọ́ rán sí àárín, kí àwọn ńlá wá yí wọn po, kí ewé kọ̀ọ̀kan bọ́ sí àlàfo tó wà láàárín méjì tó wà níwájú rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú yẹn ni ẹ ó rán wọn mọ́ o, kí ẹ tó rán ilẹ̀ mọ́ ìkòkò. Gbogbo ìrù òwú á lọ sábẹ́, ẹ ó so ó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ gba etí ilẹ̀ àti okùn ẹ̀yìn tí a fi sílẹ̀ lẹ́nu ìkòkò, ojú sí ojú, ọgbọ̀n pẹ̀lú ọgbọ̀n. Nígbà tí ó bá ku bí ìka méjì kó pa dé, ẹ ki fáíbà díẹ̀ sí i.

Nígbà ọyẹ́, ọwọ́ wa níbí máa ń gbẹ, á máa fa wúlù tu. Òrí ni mo máa ń fi pa ọwọ́ lálẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí n tó mú iṣẹ́ láàárọ̀, torí àbàwọ́n òrí kì í tètè kúrò lára wúlù aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Eruku ọyẹ́ náà máa ń bà lé e. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ má lọ́ ọ, ẹ fún un pẹ̀lú aṣọ ìnura, kí ẹ sá a síbi òjìji. Oòrùn máa ń ṣá àwọ̀.

Tí ẹ bá ti mọ ìkòkò yìí hun, ẹ ò ní nílò láti kọ́ òmíràn. Ẹ lè gbin ọjá ìkookò sínú rẹ̀: ewé gbọọrọ tó dúró ṣánṣán, tí ẹ ń pààrọ̀ wúlù aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn pẹ̀lú èyí tó mọ́lẹ̀ ní ìyípo méjì-méjì. Ẹ lè gbin àbámodá, tí ọmọ máa ń hù létí ewé rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ àbámodá ni, ẹ hun ewé náà ní pẹrẹsẹ, kí ẹ wá mú òwú aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ so kókó kéékèèké sí etí rẹ̀ yí po, ní àlàfo tó dọ́gba. Ó ń gba sùúrù, àmọ́ òun làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí nígbà tí mo bá tò wọ́n sílẹ̀.